Ojú Tí Ọlọ́run Fún Ṣìfáwù

Gíláàsì pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ ẹyinjú Ṣìfáwù ń ta á, omi ojú ń dà pòròpòrò, ṣùgbọ́n kò ní yọ ọ́.

Ìfẹ́ Múfú, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló jẹ́ kó máa fara dà á.

Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá Múfú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní Bẹẹrẹ.

"Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n ní ò ń lẹ gíláàsì tó ń pa àwọ̀ ojú dà."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Fáàrí ọmọ ìwòyí! Yọ ọ́! Ojú tí Ọlọ́run fún ẹ ni mo fẹ́ rí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Àbí kí Múfú wá ẹlòmíì?"

Ó sú Ṣìfáwù. Ó yọ gíláàsì méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́. Dúdú ni wọ́n.

Ojú tí wọ́n bí i mọ́ yọ síta: búlúù, bíi ti bàbá rẹ̀.

Màmá fò sẹ́yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Tètè dá wọn padà sójú, kí bàbá Múfú tó wọlé!"