Ọwọ́ Níbi Àwo Ẹja

Káfíńtà tún na ọwọ́ sí àwo ẹja. Ọmọ ológbò tuntun náà kùn, ó sì fi èékánná ya á lọ́wọ́.

"Ẹ wo ohun tí kò tó bàtà mi! Ìyá Ìbejì, lónìí yìí ni mò ń dá a padà fún ẹni tó fún wa."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti gba àwo lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe, kó dọ̀bálẹ̀?"

"Kó mọ ẹni tó nilé ni."

"Ọwọ́ olè ló mọ̀."

Obìnrin náà mú ẹja tó dára ju ti inú àwo lọ, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ológbò, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ológbò kùn. Ó tún ju òmíràn, ó tún sún sẹ́yìn. Nígbà tó fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ẹranko náà gbójú sókè, ó ń retí ọwọ́ náà, kò sì kùn mọ́.

Káfíńtà yínmú. "Ọ̀kánjúwà lásán! Èmi kì í bẹ ẹranko."

Ó jókòó ti oúnjẹ tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ na ṣíbí láti tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n káfíńtà ti fi apá yí àwo ká.

"Ṣé o ò ní tìrẹ ni?"

 Obìnrin náà mú ẹran tó tóbi jù nínú àwo tirẹ̀, ó fi sínú ti ọkọ rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

Káfíńtà wo ẹran náà títí. Ó rọra gbé apá kúrò.

"Jẹ́ kí ológbò náà ṣì wà níbí ná," ó wí.