Ìgò Òróró Fadékẹ́mi

Ìlara ni àìsàn tó ń ṣe Adédọ̀tun, ìkà ni ó sì ń lò bí oògùn. Ó mọ àwòrán yà, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ya tirẹ̀ tó dára, oúnjẹ kì í lọ ní ọ̀fun rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fágbénró, àgbà ayàwòrán ní Ìlaròó, ni ó ti kọ́ṣẹ́, òun àti Fadékẹ́mi, ọmọ òrukàn kan láti Ìjoùn. Bàbá kì í kánjú. Ọ̀dà tó fúyẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ó di ìgbà tí ìyẹn bá gbẹ kí ó tó lé òmíràn lé e, èyí tí òróró lìnsíìdì tí àwọn ayàwòrán fi ń po ọ̀dà pọ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀ sí i, títí ojú ènìyàn yóò fi yọ. "Ẹ máa fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ wò kí ẹ tó kun òkè," ni ó máa ń sọ fún wọn.

Nígbà tí ara Bàbá ń di ara àgbà, ó ní kí àwọn méjèèjì ya àwòrán olóògbé Màmá Adéwùnmí, tó dá ilé ìwé ìjọ kan sílẹ̀ nínú ìlú. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò jogún ṣọ́ọ̀bù.

Adédọ̀tun mọ̀ pé ọwọ́ Fadékẹ́mi dùn ju tòun lọ. Ọjọ́ tí ọmọ náà lọ sí ìsìn, ó da ìdajì òróró lìnsíìdì inú ìgò Fadékẹ́mi nù, ó sì fi òróró tí a fi ń dín dòdò rọ́pò, irú èyí tí wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé wọlé láti Kútọnu. Òróró yẹn kì í jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ. Ó wá ti ìgò ti ara rẹ̀ mọ́ inú àpótí kí Fadékẹ́mi má baà rí i lò, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì múra àtilọ ṣe fàájì ní Ìmẹ̀kọ. Ìkà ènìyàn!

"Bá mi tẹ́ ìsàlẹ̀ tèmi kí n tó dé," ni ó wí fún Fadékẹ́mi. "Iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn. Bí o bá sì fìdí rẹmi, ilẹ̀ pọ̀ ní Ìjoùn tí o lè máa gbin ẹ̀gẹ́ sí."

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n."

Fadékẹ́mi wá ìgò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, kò rí i. Ó fi ìgò tirẹ̀ tẹ́ ìsàlẹ̀ àwòrán méjèèjì. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Nígbà tí Adédọ̀tun dé, ojú ọ̀dà ti gbẹ, inú rẹ̀ kò gbẹ. Kò fọwọ́ kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun òkè. Fadékẹ́mi fọwọ́ kan tirẹ̀, ó rí i pé ó tutù. Ó sunkún, ó ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ra òróró tuntun, ó tún un bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kan tiyín wò. Tèmi kọ̀, kò gbẹ. Ìgò kan náà ni mo..."

"Pa ẹnu rẹ dé!" Adédọ̀tun bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ òṣì rẹ ni kò jẹ́ kó gbẹ."

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àwọn àwòrán náà ní gbàgede ìjọ, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Gbogbo ìjọ ló pàtẹ́wọ́ fún ti Adédọ̀tun. Wọn kò tíì jókòó tán tí ojú òsì Màmá Adéwùnmí fi yọ̀ wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ẹnu rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sí àgbọ̀n. Ọmọ olóògbé ké pé, "Ẹ gbé e kúrò! Ẹ ti pa ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì!"

Bàbá Fágbénró fìka kan ọ̀dà náà, ó gbóòórùn rẹ̀. "Òróró dòdò nìyí. Ta ló dà á sí i?"

"Kì í ṣe sí tèmi, Bàbá! Ìgò Fadékẹ́mi ni mo dà á sí!"

Fadékẹ́mi yíjú sí i.

"Ìgò yẹn náà ni mo fi tẹ́ ìsàlẹ̀ tiyín, ẹ̀gbọ́n," ni Fadékẹ́mi wí.

Bàbá kò na Adédọ̀tun. Ó gbé àwòrán náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, orúkọ Adédọ̀tun gàdàgbà nísàlẹ̀ rẹ̀. Eṣinṣin ń lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn ọmọ iléèwé ń fi í ṣẹ̀sín. Láti Ìlaròó dé Ayétòrò, kò sí ẹni tó tún gbé iṣẹ́ fún un. Ọ̀kadà ló fi ń kó kẹ́ẹ̀gì òróró báyìí lójú ọ̀nà Ìjoùn. Nígbà tí ebi pa á dójú ẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ níwájú Fadékẹ́mi, tí ó ti di ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Fadékẹ́mi nàka sí àwòrán ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ lọ fọwọ́ kàn án wò, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ tó bá gbẹ, ẹ máa bọ̀ níbi iṣẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má ṣe ba irinṣẹ́ ẹnìkejì yín jẹ́ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dùn ju tiyín lọ. Ẹni tó ṣe rere, ara rẹ̀ ló ṣe é fún; ẹni tó ṣìkà, ara rẹ̀ ló ṣe é fún. Bí àgbà bá sì ní kí ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ wò, ẹ fọwọ́ kàn án, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ẹ ṣìkà sí ló bá yín tẹ́ ẹ.