Dùùrù Tó Ń Se Ẹ̀wà

Nílé Ṣìjúadé, ẹ má rẹ́rìn-ín o, dùùrù tọ́mọbìnrin náà ń kọ́ ló ń dáná. Bó bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, sítóòfù á jó. Bó bá ṣì í tẹ̀, iná á kú. Lọ́la ló máa tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibì kan nínú orin náà ò sì tíì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ni màmá rẹ̀ bá gbé ẹ̀wà kaná, torí ẹ̀wà kì í tètè jinná.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká kúkú mu gàrí.”

“Gàrí ti tán. Tẹ dùùrù.”

Iná kú.

“Ọwọ́ òsì rẹ nìyẹn,” bàbá rẹ̀ sọ láti pálọ̀. “Ṣé ẹ̀wà tí ò jinná la máa jẹ ni?”

Ó tún un tẹ̀ títí ó fi kọjá ibẹ̀ geere.

“Ó ti jinná, ìyá mi. Wá jẹun,” màmá rẹ̀ pè é.

“Ẹ máa jẹ ná, mo fẹ́ tún un tẹ̀.”

Ọkàn màmá balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó sáré lọ gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀, kí ẹ̀wà má baà jóná.