Lọ Kọ́ Ọ

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé dátábéèsì tuntun wọ ọsibítù Ọ̀gá Adéyọrí ní Òṣogbo ni Phebe ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ òun ná. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo aláìsàn wà, pẹ̀lú àìsàn wọn àti oògùn tí ara wọn ò gbà. Phebe ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ìka mi bá ṣì í, oògùn tó lè pa èèyàn ni wọ́n máa gún fún aláìsàn."

"Kí lo tún fẹ́ kọ́? Ṣebí kọ̀ǹpútà lo kà jáde."

Ibẹ̀ ni ọ̀gá máa ń parí ọ̀rọ̀ sí. Ó dun Phebe wọra. Ẹni tó ka kọ̀ǹpútà jáde náà kò bá gbogbo kọ̀ǹpútà tan. Kò fọwọ́ kan nǹkan náà, wọ́n sì ń pè é ní olóríkunkun.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, bó ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ọ̀gá pè é lórí fóònù.

"Elisha ń dúró dè ọ́ ní ẹ̀ka wa ní Iléṣà. Lọ́la ni kóo lọ. Lọ kọ́ ọ."

Ó gé fóònù. Inú Phebe dùn débi pé ó fò sókè lórí ọ̀kadà, ọlọ́kadà sì bú u.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ mọ́tò ní Old Garage. Nígbà tó dé Iléṣà, Elisha ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, síbẹ̀ ẹ̀yin ló ń pe Phebe. Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù, òun fúnra rẹ̀ dúró. Phebe ní àwọn Ìjẹ̀ṣà mà mọ àlejò ṣe o.

"Ti ìdánrawò lèyí," ni Elisha wí, ó tan kọ̀ǹpútà. "Ọ̀gá ní ibí ni ká ti máa kọ́kọ́ dán an wò."

Ọkàn Phebe balẹ̀. Ó dúró kí ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀. Elisha náà dúró.

"Kí la máa kọ́kọ́ tẹ̀?" ni Elisha béèrè nígbà tó yá.

Phebe méfò. Elisha mi orí, ó jáde lọ sí yàrá kejì, ó padà wá.

"Ó ṣe é. Èwo ló kàn?"

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Elisha á béèrè, Phebe á méfò, Elisha á jáde, á tún wọlé. Ju "ó ṣe é" lọ, kò ṣàlàyé ohunkóhun. Nígbà tó di ọ̀sán, inú ti ń bí Phebe. Irú tíṣà wo rèé? Ṣé ìbéèrè lòun tìtorí ẹ̀ wọ mọ́tò wá láti Òṣogbo?

"Ẹ má bínú sà, ṣé ẹ ò ní ṣàlàyé ni?"

"Èmi kẹ̀?" Elisha rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà lẹ ń ṣe é dáadáa."

Phebe pòṣé sínú. Elisha tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà.

"Ó ń béèrè bóyá ká nu ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ká tó tẹ̀síwájú. Kí la máa dá a lóhùn?"

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Phebe pátápátá.

"Ẹ ṣáà tẹ bẹ́ẹ̀ ni! Ṣebí ìdánrawò ni. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó máa ṣe."

Elisha tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú. Phebe káwọ́ gbera, ó ń retí kí ó wá ṣàlàyé ibi tí òun ti ṣì í. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì gba yàrá kejì lọ bó ṣe máa ń ṣe.

Kò tètè padà. Nígbà tó máa wọlé, nọ́ọ̀sì kan tẹ̀lé e pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Tíṣà," ni Elisha wí, "gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ́ mi láti àárọ̀ ni mo ń lọ tẹ̀ sórí ti gidi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò ní yàrá kejì, gbogbo ẹ̀ ló sì ń ṣe dáadáa, àfi ti ìkẹyìn yìí tí wọ́n ní àwọn ò rí orúkọ aláìsàn kankan mọ́."