Ẹni Tó Mu Ọmú Khadra

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà náà dé: àlejò kan láti òkè òkun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ wá wo ilé ìgbẹ̀bí Ayn Zitun, lórí ọ̀rọ̀ ipò tí orílẹ̀-èdè wọn wà nínú tábìlì tí wọ́n fi ń wọn ètò ìlera àwọn orílẹ̀-èdè ayé mọ́ra wọn. Dókítà Benaouda, ọ̀gá àgbà, kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí wọ́n kun ògiri kíákíá, ó sì pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ.

"Ẹni tó bá bi yín ní nǹkan, ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ la ẹnu o! Ẹ̀yin Lálà Zulikha pàápàá, ẹ lọ fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé sápò."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

Ọdún kejìlélógún rèé tí Zulikha, tí wọ́n ń pè ní Lálà láti fi bọ̀wọ̀ fún un, ti ń kọ ìwé ọmọ tuntun níbẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ba Benaouda lẹ́rù. Òfin fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ márùn-ún láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Bí ọmọ bá kú kí bàbá tó lọ, wọn a kọ ọ́ pé wọ́n bí i ní òkú. Ẹni tí wọ́n bí ní òkú kò wá sáyé, wọn kò sì ní kà á mọ́ àwọn tó kú. Benaouda ló wá gbọ́n ọgbọ́n kún un. Ó ní kí wọ́n má fún bàbá kankan ní ìwé tó máa mú lọ síbẹ̀ títí di ọjọ́ karùn-ún. Kí ọdún tó yípo, gbogbo ilé ìgbẹ̀bí orílẹ̀-èdè náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n fo ipò mọ́kàndínlógún gòkè nínú tábìlì. Tẹlifíṣọ̀n ní ọmọ ìkókó wọn kì í kú tó ti àwọn ará Yúróòpù kan. Benaouda pa àgùntàn.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni Khadra, àbúrò Zulikha, bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Nawal. Ọjọ́ méjì ló lò. Zulikha fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé rẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Khadra ka ìwé náà, ó wo ojú Zulikha.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òkú ni mo bí? Ta ló wá mu ọmú mi fún odidi ọjọ́ méjì?"

Khadra ò tẹ ilé Zulikha mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní ọjọ́ tí ìwé bá sọ pé Nawal gbé ayé lòun máa tó padà wá. Iṣẹ́ náà wá ń kó Zulikha nírìíra. Ló bá ra ìwé kékeré kan, ó sì ń kọ orúkọ àwọn ọmọ náà síbẹ̀ ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú iye wákàtí tí kálukú lò láyé.

Àlejò dé ní Ọjọ́bọ̀. Ramzi lorúkọ rẹ̀, pẹ̀lẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, Lárúbáwá ẹnu rẹ̀ kì í sì í ṣe tiwọn. Ó mu tíì, ó jẹ àkàrà dídùn, kò wo ọmọ kankan. Yàrá ìwé ló ní òun fẹ́ rí. Òógùn bo Benaouda. Bí wọ́n ṣe débẹ̀ ni nọ́ọ̀sì sáré wá pè é sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ó di Ramzi àti Zulikha.

"Ìyá mi, bí bàbá ọmọ bá yarí ńkọ́, pé lónìí lòun fẹ́ gba ìwé?"

Àyà Zulikha já. Ọkùnrin yìí ti mọ̀ ọ́n! "A máa ní dókítà tó ń buwọ́ lù ú ò sí nílé."

"Wọ́n máa ń gbà?"

"Kí ni wọn ò ní gbà sí? Ìyàwó wọn ṣì wà lọ́wọ́ wa."

Ramzi kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bèèrè iye ènìyàn tó ń buwọ́ lù ú.

"Akọ̀ròyìn kankan ti wá bi yín léèrè rí?"

"Kò sí."

Ó kọ ìyẹn náà, ó fa igi sí i nídìí. Zulikha ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé olùyẹ̀wò yìí mọṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ó fa ìwé kékeré náà yọ.

"Ọgọ́rùn-ún ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Gbogbo wọn ló ké nígbà tí wọ́n bí wọn. Èyí lọmọ àbúrò mi. Wọ́n máa lé mi, wọ́n sì lè tì mí mọ́lé, ó tán! Ẹ gbé e lọ, ẹ bá mi ní kí wọ́n kà wọ́n. Ohun ìríra gbáà ni wọ́n ń fi wá ṣe níbí."

Ramzi rọra ṣí i títí dé òpin.

"Àwọn tó kú lọ́jọ́ kẹfà ńkọ́, ìyá mi? Ọjọ́ keje?"

"Àwọn yẹn ti ní orúkọ lọ́fíìsì. Wọ́n ti kà wọ́n mọ́ òkú."

"Ó mà ṣe o," ni Ramzi wí, ó mi orí.

Omi bọ́ lójú Zulikha. Ó ti ń rò ó pé ilé Khadra lòun máa gbà lọ nírọ̀lẹ́, àwọn á jọ se kusikusi. Ibẹ̀ ni Benaouda ti wọlé padà. Ó rí ìwé náà, ó figbe ta.

"Lálà Zulikha! Ẹ ti pa mí! Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣàánú mi..."

"Dókítà, èmi ni mo wá bẹ̀ yín," ni Ramzi wí, ó sì na ìwé Zulikha sí i, "ipò kejìlélàádọ́rin ni orílẹ̀-èdè tiwa wà nínú tábìlì yẹn, mínísítà wa ló ní kí n wá kọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún yìí kéré lójú wa, ṣé kò séwu bí àwa bá sún tiwa dé ọjọ́ méje?"