Ìkòkò Ògì Tó Kọ̀ Tí Kò Tòrò

"Ọwọ́ ta ló ń ru ògì mi sókè? Látàná kò tòrò, Àwẹ̀ró."

"Ìyá, ẹ bi ògì fúnra rẹ̀. Ṣé èmi àti ẹ̀ la jọ ń sùn ni?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ tì í mọ́nú yàrá ìkòkò, ó ti ilẹ̀kùn níta. "Ṣọ́ ọ. Bí kò bá tòrò kílẹ̀ tó mọ́, ilé baba rẹ lo ti máa mu ẹ̀kọ àárọ̀."

Àwẹ̀ró gbé àtùpà, ó ṣí ìdérí. Ògì ń rì láàárín, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ gòkè, wọ́n ń yí po díẹ̀díẹ̀ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ṣe bí àwọn ológì ti ń ṣe kó lè tètè tòrò: ó fi ìka kan ara ìkòkò, kó, kó.

Kó, kó, ìkòkò dá a lóhùn láti inú.

Àwẹ̀ró ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. "Ìyá, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Kó, kó, kó.

"Mò ń gbọ́ bí o ṣe ń lu ìkòkò," ni Ìyá wí níta. "Máa lù ú lọ."

"Èmi kọ́ o, Ìyá. Ọwọ́ mi wà lábíyá."

Gbì. Ìkòkò là sí méjì láti inú wá.