Ọpẹ́ Ìyá Morẹ́nikẹ́

Ọdún kẹta rèé tí Ìyá Morẹ́nikẹ́ ti wà ní erékùṣù ìsinmi, níbi tí ìjọba ń kó gbogbo ẹni àádọ́rin ọdún lọ. Ìsinmi wo? Ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ náà ń sinmi! Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọkọ̀ ojú omi ń wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ògiri yàrá, tí ìjọba ti kọ́ lọ́rọ̀ sísọ, á kí oníkálukú. Ẹni tó bá dúpẹ́, ó ń gbádùn nìyẹn, wọ́n á fi ọdún kan kún un. Ẹni tí kò bá dúpẹ́ ló ń padà sílé.

"Ìyá, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi joyè," ni Bàbá Oyèwùsì, aládùúgbò rẹ̀, fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ di ẹnu yín mú lónìí!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Bí ẹ bá gbọ́n, kí lẹ ṣì ń ṣe níbí?"

Ògiri sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí ti ọmọ tó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Rárá o!"

"Ara ńkọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ ló ń ro mí. Ẹ gbé mi lọ sílé!"

Bàbá Oyèwùsì pàtẹ́wọ́. Ìyá ti gbé ẹrù rẹ̀ lérí.

"Àwọn ọmọ ńkọ́, mà?"

Ìyá di ẹrù orí rẹ̀ mú. Láti èṣí, Morẹ́nikẹ́ kò tíì pè é. Ṣùgbọ́n ìyá wo ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ òun kò dáa?

"Wọ́n wà," ló sọ jẹ́jẹ́. "A dúpẹ́."

"Ẹ kú ìgbádùn ọdún kan sí i, mà."

Bàbá Oyèwùsì kò lè rẹ́rìn-ín. Òun náà bímọ, òun ló sì kàn.